Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n La Ikùn Màmá

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá sínú ilé yìí lónìí, Ìwọ ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹni tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bẹ láàyè, wọ́n jókòó lọ́wọ́ òsì níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń wò mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò dúró síwájú ìjọ yìí rí. Adérónkẹ́ ni orúkọ mi, ọmọ ọmọ Màmá Olóbì. Tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, ilẹ̀ ni mo máa ń wò títí wọ́n á fi ṣe tán. Ìwé mi ò ju kíláàsì kejì girama lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí láti ọjọ́ Ajé, torí mo mọ̀ pé tí mo bá wojú yín, ohùn mi lè lọ. Ẹ fara dà á fún mi. Mo máa kà á bó ṣe wà.

Inú ń bí mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dádì Lékè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Màmá, wá láti Èkó. Wọ́n dúró síbi tí mo dúró sí yìí, wọ́n jẹ́rìí. Wọ́n ní apẹ́ńdíìsì, ìfun kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá, bẹ́ sínú Màmá. Wọ́n ní àwọn sọ fún dókítà pé kó ṣe gbogbo ohun tó bá gbà, kó ṣáà ti dá ìyá àwọn padà fún àwọn. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fún àwọn lọ́gbọ́n láti yan irú iṣẹ́ abẹ tó yẹ. Gbogbo yín pariwo Halelúyà. Àwọn akọrin dá orin. Màmá gan-an pàtẹ́wọ́. Èmi náà dìde, mo bá yín jó. Mo délé, mo ro ó. Mo rí i pé tí mo bá tún dákẹ́, a ti fi irọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, mi ò sì rò pé Ó nílò irọ́ wa.

Dádì, mo kúnlẹ̀ o, ẹ má bínú. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀yin lẹ dúró tì wá, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ sọ kọ́ ló ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́rú ló bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Màmá ń bó obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Kí n tó bó ẹyọ kan, wọ́n á ti bó mẹ́ta, wọ́n á wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ wo ni yóò fẹ́ ẹni tó ń bó obì bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ náà wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé obì sílẹ̀, wọ́n ní inú ń run àwọn níbi ìdodo. Ẹ̀kọ tí mo pò fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìrora náà ti kúrò nídodo. Ó ti sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí i. Èmi ni mò ń sùn sí yàrá pẹ̀lú wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń ká kò, tí wọ́n bá sì fẹ́ dìde lọ tọ̀, wọ́n á fọwọ́ di ibẹ̀ mú, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ara wọn ò gbóná púpọ̀. Ìyẹn ló tan gbogbo wa. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni dókítà sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe àwọn àgbà. Ara ọ̀dọ́ á gbóná, á pariwo. Ara àgbà á dákẹ́, àìsàn á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Mo lọ bá Mọ́mì Sànmí, ọmọ Màmá obìnrin, èyí tó wà pẹ̀lú wa ní Ìlá níbí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá lọ sí ọsibítù."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Inú ni. Ojú kan náà ló ń dùn wọ́n, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ẹ káàbọ̀, dókítà! Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Gbogbo ṣúgà tí o ń dà sínú ògì fún wọn, kí lo rò pé yóò fà? Lọ gbé omi kaná jàre."

Mo gbé omi kaná. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí la sè, èyí tó ń mú ni yàgbẹ́ dáadáa. Mọ́mì Sànmí ló já ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e sí Màmá lẹ́nu, ife méjì. Ọwọ́ mi yìí ni. Dókítà sọ pé ẹni tí ibẹ̀ bá ń dùn, a kì í fún un ní ohun tí yóò máa lọ́ ọ nínú, torí ohun tó wú níbẹ̀ lè torí ẹ̀ tètè bẹ́. Èmi ò mọ̀. Mọ́mì Sànmí náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé ife.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ìrora náà dáwọ́ dúró. Lójijì ni! Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti lọ." Àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n wá bá wa gbàdúrà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí. A jó. A ní Ó ti ṣe é. Mọ́mì Sànmí pe Dádì Lékè lórí fóònù, Dádì Lékè náà sì ń kọrin láti Èkó wá.

Ẹ̀yin ará, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ́. Ìdí tí kò fi dùn wọ́n mọ́ nìyẹn. Ohun tó wú ti fọ́, ọyún ti ń tú sínú ikùn wọn, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un! Mi ò sọ pé àdúrà yín ò dára. Ẹ ṣeun, ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ ẹ wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi Màmá pé, "Ṣé ẹ lè jẹun báyìí? Ẹ jẹ́ n wo ikùn yín." Ijó la sáré sí.

Kó tó di àárọ̀ Sátidé, gbogbo ikùn Màmá ti le bí igi. Wọ́n ń bì, omi aláwọ̀ ewé. Ojú wọn ti jìn sínú. Mo tún sọ ọ́. Mọ́mì Sànmí ní ká dúró, pé àwọn ti pe ẹ̀gbọ́n àwọn, wọ́n wà nípàdé, wọ́n á pè wá padà.

Báyìí la ṣe ń ṣe nínú ẹbí wa, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹni tó ń da ìgbẹ́ aláìsàn nù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà l'Ékòó, tí kò rí bí ojú rẹ̀ ṣe jìn, òun la ń dúró dè, torí òun ni àkọ́bí, torí ọkùnrin ni. A ó máa gbé fóònù kiri àgbàlá, a ó máa wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, àìsàn ò sì ní dúró dè wá.

Ó di ọ̀sán kí Dádì tó pè pé ká máa lọ. A gbé mọ́tò lọ sí ọsibítù tó wà ní Ìlá níbí. Dókítà kékeré tó kọ́kọ́ rí wa fọwọ́ kan ikùn Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mọ́mì Sànmí ní, "Láti àárọ̀ yìí." Mo gbóhùn sókè, mo ní, "Láti Ọjọ́rú, sà." Mọ́mì Sànmí fún mi ní ìgbúnwọ́ níhà. Dókítà náà wò mí, ó ní, "Ẹ máa gbé wọn lọ sí Òṣogbo kíákíá. Mo máa kọ lẹ́tà."

Ní Òṣogbo, dókítà obìnrin kan ló gbà wá, oníṣẹ́ abẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fa dírípù sí Màmá lára, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n yàwòrán inú wọn. Ìgbà tó yá, dókítà náà pè wá jókòó, ó sì ṣàlàyé fún wa.

Ó ní ọ̀nà méjì la fi ń yọ apẹ́ńdíìsì. Ọ̀kan ni pé kí àwọn dá ihò kékeré mẹ́ta sí ikùn, kí àwọn fi kámẹ́rà tín-ín-rín wọlé, kí àwọn máa wo inú nínú tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn fi irinṣẹ́ gígùn yọ ọ́, kí àwọn sì fọ inú mọ́. Èkejì ni pé kí àwọn la ikùn, kí àwọn fi ojú àti ọwọ́ ṣe é.

"Fún àgbà bíi Màmá," ni dókítà náà wí, "ihò kékeré ni mo fẹ́ tó bá ṣeé ṣe. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré. Wọ́n á lè mí dáadáa, wọ́n á tètè dìde rìn, kí àyà wọn má bàa lọ gba àìsàn mìíràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n èyí ti bẹ́, ó sì ti pẹ́ kí ẹ tó wá. Tí mo bá débẹ̀ tí ìfun ti lẹ̀ mọ́ra wọn tí mi ò ríran, màá là á. Kì í ṣe pé iṣẹ́ bàjẹ́ o. Ohun tó máa gba ẹ̀mí wọn là ni mò ń wá."

Ó yé mi. Èmi tí mi ò kàwé, ó yé mi kedere.

Mọ́mì Sànmí fi Dádì Lékè sórí fóònù, wọ́n jẹ́ kó dún síta. Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi ò fi kún un.

"Dókítà, ihò kékeré nìkan! Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ṣe é, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ la ìyá mi bí ẹran Iléyá. Arúgbó tí wọ́n bá là kì í jí."

"Ẹni ọdún mélòó ni ọ̀gá yín, sà?"

"Kò tíì pé ogójì."

"Ṣé tiẹ̀ bẹ́ sínú kí wọ́n tó yọ ọ́?"

"Mi ò bi í nírú ìyẹn."

"Ó dáa, sà. Ihò kékeré ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di dandan..."

"Ẹ kọ́kọ́ pè mí! Ẹ má là á láìpè mí. Èmi ni àkọ́bí wọn."

Dókítà náà kọ méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní kí ẹnì kan nínú wa buwọ́ lù ú. Mọ́mì Sànmí ní àwọn ò gbé awò ojú wá. Awò náà wà nínú báàgì wọn, mo rí i níbi tó ti yọrí. Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Mo kọ orúkọ mi gbọọrọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d.

Wọ́n gbé Màmá wọlé nírọ̀lẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mò ń gbàdúrà nínú mi. Àdúrà mi ò gùn. "Olúwa, jọ̀ọ́, Màmá." Ìyẹn náà ni mò ń tún sọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan fi yọrí síta, tòun ti ìbòmú lẹ́nu. Ó ní, "Àwọn ará Màmá dà? Dókítà ní gbogbo inú ti lẹ̀ pọ̀, ọyún bo ibẹ̀, àwọn ò rí apẹ́ńdíìsì náà. Wọ́n fẹ́ là á. Wọ́n ní ẹ sọ pé kí àwọn pe yín kí àwọn tó là á. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá ń lọ sílẹ̀ o, ẹ yára."

Mọ́mì Sànmí pe Dádì Lékè. Fóònù wà ní títì. Wọ́n tún pè. Títì. Ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ ni Dádì wà l'Ékòó, wọ́n ti pa fóònù. Mo pè wọ́n lórí fóònù tèmi náà. Ohùn obìnrin yẹn ló ń sọ pé nọ́ńbà tí a pè kò sí lórí afẹ́fẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, kí ni ẹ wí?"

"Èmi kẹ̀? Èmi ò lè sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní wákàtí kan, wọ́n á ti jáde nípàdé."

"Wákàtí kan báwo? Màmá wà lórí tábìlì!"

"Ẹ má fi mí sọ̀rọ̀. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, èmi ni wọ́n á máa sọ pé mo ní kí wọ́n pa ìyá mi."

Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, kò sì tíì tán títí dòní. Mo wo Mọ́mì Sànmí, mo rí i pé kì í ṣe ikú Màmá ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹjọ́ ni. Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Mo ní, "Ẹ là á."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ? Kí ni Màmá jẹ́ sí ẹ?"

"Ọmọ ọmọ wọn ni mí. Èmi ni mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sọ fún dókítà pé Rónkẹ́ ní kí wọ́n là á!"

Ó wọlé. Mọ́mì Sànmí gbá mi létí. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. "Ta ló bí ẹ? Ọmọ tí wọ́n á kí tí kò ní lè dáhùn, òun ló wá di agbẹnusọ ilé! Tí ìyá mi bá kú, ìwọ lo pa á. Ṣé o gbọ́ mi? Ìwọ!"

Mo gbọ́. Mo dáhùn pé, "Ẹ̀n, èmi ni, mà." Mo padà jókòó. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, Baba, mo ti gbé orí mi sábẹ́ nǹkan tó jù mí lọ, tí mo bá ṣì í, èmi ni kí O mú, má mú Màmá. Ẹ̀yin ará, mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí orin. Kò sí ariwo. Èmi àti Òun nìkan ni.

Màmá jáde láàyè. Halelúyà! Dókítà wá, ó jókòó tì mí, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó ní ọyún tí àwọn fọ̀ jáde pọ̀. Ó ní kò sí bí àwọn ṣe lè gba inú ihò kékeré fọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí a là á?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "O ṣeun." Ó dìde, ó lọ.

Mi ò wá síbí láti purọ́ lòdì sí irọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Ọgbẹ́ tí wọ́n là náà mú ọyún. A lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Màmá máa ń sunkún tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, ìrora ni gidi. Dókítà sọ pé ká ní a tètè wá lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ihò kékeré tó, kí Màmá má sì jẹ gbogbo ìyà yẹn. Nítorí náà Dádì ò ṣì í pé ihò kékeré dára fún àgbà. Ó dára! Àwa la fi ọwọ́ ara wa tì í sẹ́yìn. Ọjọ́ tó yẹ kí a fi gbà á, àgbo la fi lò, ìpàdé la fi lò, ijó la fi lò. Ìgbà tí ó ti bàjẹ́ tán la wá ń yan iṣẹ́ abẹ bí ẹni ń yan aṣọ.

Nígbà tí Dádì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n rí ọgbẹ́ náà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo sọ nìyí. Ta ló ní kí wọ́n là á?" Mọ́mì Sànmí fẹnu júwe mi. Dádì ò kí mi títí wọ́n fi padà s'Ékòó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tí ọgbẹ́ wá jinná, tí Màmá ń rìn, ó wá di ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún Dádì.

Ṣùgbọ́n Dádì kọ́ ni inú ń bí mi sí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí n sì jókòó.

Ọjọ́ kan tí ara ti ń tu Màmá díẹ̀, mò ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Rónkẹ́, ta ló ní kí wọ́n là mí?" Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Wọ́n wá ní, "Láti Ọjọ́bọ̀ lo ti mọ̀. Mo rí i lójú ẹ. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀?"

Mo gbé abọ́ omi jáde, mo lọ sunkún ní ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá èsì náà. Màmá, mo ti rí i, lójú gbogbo ìjọ ni mo sì ti fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́, wọ́n lé mi, mo sì gbà; ẹ̀rù àwọn àgbà ló bà mí ju ẹ̀rù ikú yín lọ. Òun ló fà á tí inú fi ń bí mi sí ara mi. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ kékeré nínú ilé yín, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú arúgbó, tẹ́ ẹ sì rí ohun tí àwọn tó wà lókèèrè ò rí: ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Tí wọ́n bá gbá yín létí, etí ò ní já.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà ẹni tí ohùn rẹ̀ ò jáde lẹ́nu, tó fi ọgbọ́n sọ́wọ́ dókítà, tó sì dá Màmá Olóbì sí kí wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Màmá, ẹ dìde, kí wọ́n rí yín. Ẹ pariwo fún Olúwa, òótọ́ lẹ fi ń dúpẹ́ lónìí.